Owó Ìlú àti Ìbò Wa: Ẹ̀kọ́ láti Ìbàdàn, Enugu àti Kútọnu

Nígbàkígbà tí ìdìbò bá ń súnmọ́, ìbéèrè kan a máa jáde láàrin wa, ìbáà jẹ́ ní ìpàdé ẹgbẹ́ tàbí ní kíláàsì. Bí ó bá hàn pé olóṣèlú kan ti kó owó tí a fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ fún iṣẹ́ ìlú, tí ó sì ná an sórí ilé rẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀, ìrìnàjò rẹ̀ tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀, ǹjẹ́ ó yẹ kí olùdìbò tún dìbò fún un? Ìdáhùn tí ó máa ń yá lẹ́nu ni pé kò yẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ìtàn yóò rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn tí ó sọ pé kò yẹ yìí kan náà ni ó tún gbé irú olóṣèlú bẹ́ẹ̀ padà sórí àga. Wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Wọ́n ní ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti yẹ àwọn ìdí náà wò nípasẹ̀ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn, ní Enugu àti ní Kútọnu, kí a sì sọ ibi tí àwa dúró sí.

Ohun tí àwọn baba wa mọ̀

Ẹni tí ó bá ń ná ọjà Arzèkè ní Parakou mọ bí èésú ṣe ń rìn. Àwọn ènìyàn a dá owó jọ, wọn a fi ẹnìkan ṣe olórí, olórí a sì máa kọ ohun tí oníkálukú dá sínú ìwé. Bí ọjọ́ ìkówó bá pé tí owó kò sì pé, kò sí ẹni tí yóò kọ́kọ́ béèrè ìlú tí olórí èésú ti wá, tàbí èdè tí ó ń sọ, kí ó tó béèrè owó rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ owó èésú lè rí ìdáríjì gbà bí ó bá bẹ̀bẹ̀ tí ó sì san án. Ṣùgbọ́n a kì í tún gbé àpò fún un kí ó tó san án.

Ìjọba àtijọ́ náà mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ní Ọ̀yọ́, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì ní àṣẹ láti kọ Aláàfin tí ó bá ṣi agbára lò. Ṣùgbọ́n ìtàn Ọ̀yọ́ kan náà sọ fún wa nípa Basọ̀run Gáà, ẹni tí ó lo àṣẹ yìí láti pa ọba lẹ́yìn ọba, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì tàn ká àwọn ìlú láti máa gba owó ìṣákọ́lẹ̀ tí ó yẹ kí ó lọ sí ààfin. Ní ọdún 1774, Aláàfin Abíọ́dún gbìmọ̀ pọ̀ pẹ̀lú àwọn ará ìlú, wọ́n sì ṣẹ́gun rẹ̀. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkínní, olórí gbọ́dọ̀ jíhìn. Èkejì, ẹni tí ń pe olórí síta láti jíhìn lè jẹ́ ẹni tí ọwọ́ òun pàápàá kò mọ́. Àwọn ẹ̀kọ́ méjèèjì yìí ni ó ń bá ara wọn jà nínú gbogbo ohun tí a óò sọ.

Ìbàdàn, 1954 sí 1958

Ní ọdún 1954, ẹgbẹ́ Màbọlájẹ́ tí Adégòkè Adélabú ń darí, tí ó da ọwọ́ pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ NCNC ti Nnamdi Azikiwe, borí nínú ìdìbò ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàdàn. Adélabú di alága ìgbìmọ̀ náà. Nígbà tí ó di ọdún 1955, ó ti di mínísítà nínú ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà pẹ̀lú.

A kò lè lóye ohun tí ó tẹ̀lé e bí a kò bá mọ ìdí tí àwọn ará Ìbàdàn fi fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Àwọn àgbẹ̀ kòkó tí ìjọba ń gé igi wọn lulẹ̀ nítorí àrùn ti rí i pé ó dúró tì wọ́n. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí ẹgbẹ́ Action Group ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń ṣe, fi owó-orí tuntun lé àwọn ènìyàn lọ́wọ́ fún ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera, Adélabú tako owó-orí náà. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le débi pé nígbà tí ó sọ pé ọ̀ràn kan jẹ́ “peculiar mess”, àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di “pẹ̀ńkẹ̀lẹ́mẹ́ẹ̀sì”, ọ̀rọ̀ náà sì wà nínú èdè Yorùbá títí di òní. Ó ń bá àwọn tálákà jókòó, ó ń bá wọn jẹun, wọ́n sì kà á sí ọmọ tiwọn.

Ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn yan E. W. J. Nicholson, akọ̀wé ìlú Abingdon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti wádìí bí a ti ń ṣàkóso ìgbìmọ̀ Ìbàdàn. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1956. Ó sọ pé ìwà ìbàjẹ́ àti ojúsàájú wà nínú ìṣàkóso náà, ó sì dá Adélabú fúnra rẹ̀ lẹ́bi. Adélabú fi ipò mínísítà àti ipò alága sílẹ̀. Ìjọba tú ìgbìmọ̀ náà ká, ó sì fi èyí tí ó yàn fúnra rẹ̀ dípò.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1956 kan náà, ìdìbò sí ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn wáyé. Ẹgbẹ́ Action Group ni ó borí ní gbogbo agbègbè náà, ṣùgbọ́n ní Ìbàdàn, Adélabú àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó jáwé olúborí. Ó wọ ilé aṣòfin, ó sì di olórí àwọn alátakò níbẹ̀. Nígbà tí ìjàm̀bá ọkọ̀ pa á nítòsí Òde Rẹ́mọ ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1958, ìgboro Ìbàdàn gbiná: ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àwọn ọ̀tá rẹ̀ ni ó pa á, wọ́n sì kọlu àwọn alátìlẹ́yìn Action Group. Ẹ̀mí ṣòfò, a sì kó ọ̀pọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́.

Kí ni àwọn olùdìbò Ìbàdàn ń sọ ní ọdún 1956? A rò pé ohun méjì ni. Wọ́n ń sọ pé àwọn kò gba ẹjọ́ tí ọ̀tá dá. Ẹgbẹ́ tí Adélabú gba ìgbìmọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó yan olùwádìí, ẹgbẹ́ náà ni ó sì jàǹfààní nígbà tí a tú ìgbìmọ̀ ká. Àwọn àgbà sì ti sọ pé agbẹjọ́-ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Wọ́n sì tún ń sọ pé ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Bí Adélabú bá tilẹ̀ jẹ owó, ti Ìbàdàn ni, ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ kì yóò sì bìkítà fún wọn.

Ìdí àkọ́kọ́ ní ọgbọ́n nínú. Ìdí kejì ni ó ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Nítorí owó tí Nicholson ń béèrè kì í ṣe owó Action Group. Owó-orí àwọn ará Ìbàdàn ni, owó àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ìyá ọlọ́jà tí ó dìbò fún Adélabú. Nígbà tí ìbò ti jáde, kò sí alátìlẹ́yìn rẹ̀ kan tí ó tún fẹ́ gbọ́ ìbéèrè nípa ìwé owó náà. Ẹni tí ó bá béèrè di ọ̀tá. Báyìí ni ìbò ṣe dáhùn ìbéèrè kan, tí ó sì pa ìbéèrè kejì lẹ́nu mọ́.

Ẹni tí ó na ìka

Kí àwọn alátìlẹ́yìn Action Group má ṣe rẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1962, nígbà tí ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ láàrin Awólọ́wọ̀ àti Ládòkè Akíntọ́lá, ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ olùwádìí kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ G. B. A. Coker láti yẹ ìwé owó ilé-iṣẹ́ ìjọba mẹ́fà ní Ìwọ̀-Oòrùn wò. Ìgbìmọ̀ náà rí i pé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù pọ́n-ùn ti jáde láti inú àpò àjọ tí ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, tí ó gba inú ilé-iṣẹ́ kan tí àwọn aṣíwájú ẹgbẹ́ dá sílẹ̀ kọjá, tí ó sì wọ àpò Action Group. Ó dá Awólọ́wọ̀ lẹ́bi, ó sì dá Akíntọ́lá láre. Ìka tí ó ń tọ́ka sí Adélabú ní ọdún 1956 ti yí padà sí ẹni tí ó ni ín.

Nígbà yìí pẹ̀lú, àwọn tí ó gbé ìwádìí kalẹ̀ kì í ṣe aláìníṣojúùṣàájú. Ìjọba àpapọ̀ fẹ́ kí ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ wó. Àwọn ènìyàn rí èyí, wọ́n sì tún rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí àwọn ọmọ wọn ń kọ́ láti oṣù Kìíní ọdún 1955. Ní ọdún 1979, nígbà tí Awólọ́wọ̀ dupò ààrẹ, àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá dìbò fún un lọ́pọ̀ yanturu. A kò fi èyí bú wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ tí a kọ́ wà níbẹ̀ fún gbogbo ojú láti rí, àǹfààní rẹ̀ sì pọ̀. Síbẹ̀, àgbẹ̀ tí a fi owó kòkó rẹ̀ ṣe òṣèlú kò gba ìwé kankan tí ó sọ iye tí a mú nínú rẹ̀. Iṣẹ́ rere kì í ṣe ìwé owó.

Enugu, 1956 sí 1957

Ìlú kejì jìnnà sí wa díẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè wa ni a bi níbẹ̀ ní gbangba. Nnamdi Azikiwe ni ó ń ṣe olórí ìjọba Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà. A fẹ̀sùn kàn án pé ìjọba rẹ̀ ti fi owó ìlú sínú African Continental Bank, ilé ìfowópamọ́ tí òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ ní ìpín nínú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tí Sir Stafford Foster-Sutton darí jókòó ní ọdún 1956, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní oṣù Kìíní ọdún 1957. Ó ní ìwà Azikiwe nínú ọ̀ràn náà kò dé ibi tí àwọn olóòótọ́ ènìyàn lè retí lọ́wọ́ ẹni tí ó wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀.

Azikiwe gbà láti fi ìpín rẹ̀ nínú ilé ìfowópamọ́ náà sílẹ̀ fún ìjọba Ìlà-Oòrùn. Lẹ́yìn náà ni ó tú ilé aṣòfin ká, ó sì ní kí àwọn ènìyàn fúnra wọn dá òun lẹ́jọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 1957, ẹgbẹ́ NCNC gba àga 64 nínú 84.

Àwọn kan sọ pé èyí jọ ti Ìbàdàn. Lójú tiwa, ìyàtọ̀ kan wà tí kò kéré. Àwọn olùdìbò Enugu mọ ohun tí ó wà nínú ìròyìn náà, wọ́n sì mọ̀ pé olórí wọn ti jọ̀wọ́ ohun tí a ń torí rẹ̀ bá a wí kí ó tó padà wá béèrè ìbò. A lè sọ pé ó ṣe é nítorí kò rí ọ̀nà míràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí pẹ̀lú olórí èésú tí ó san owó nítorí àwọn ènìyàn dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí owó bá ti padà, ìbéèrè tí ó kù ni bóyá a tún lè gbẹ́kẹ̀ lé e, ìyẹn sì ni ìbéèrè tí ìbò lè dáhùn.

Kútọnu, 1989 sí 1996

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ní ìparí ọdún 1988 àti ní ọdún 1989, àpò ìjọba orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ṣófo. Àwọn ilé ìfowópamọ́ mẹ́ta tí ó jẹ́ ti ìjọba, Banque Commerciale du Bénin, Banque Béninoise de Développement àti Caisse Nationale de Crédit Agricole, wó lulẹ̀. Owó tí a yá àwọn alágbára àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn láìsan wà lára ohun tí ó gbẹ́ ihò náà. Orúkọ tí ó gba ẹnu gbogbo ènìyàn kan ni ti Mohamed Cissé, alùfáà ará Málì tí ó di olùdámọ̀ràn Ààrẹ Mathieu Kérékou; lẹ́yìn náà, ilé ẹjọ́ rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kò rí owó oṣù wọn gbà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ ṣáájú wa ta ohun ìní wọn kí wọ́n tó jẹun. Wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì jáde sí ìgboro. Ọdún ẹ̀kọ́ náà di òfo. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ mọ̀ pé àwọn òbí tàbí àwọn òbí àgbà yín kan wà tí wọ́n pàdánù ọdún kan nínú ayé wọn nítorí owó ìlú tí a ná ní ìnákúnàá.

Nígbà náà, kò sí ìbò gidi. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni ó wà, orúkọ kan ṣoṣo ni a sì ń fi síwájú àwọn ènìyàn. Nítorí náà, ìṣirò ni ó ṣáájú ìbò. Ìpàdé gbogboogbò orílẹ̀-èdè jókòó ní Kútọnu láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 1990, lábẹ́ àkóso Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza. Àwọn òṣìṣẹ́, àgbẹ̀, ọmọ ogun, ẹlẹ́sìn àti àwọn ààrẹ àtijọ́ wà níbẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa owó ní gbangba, rédíò sì gbé ohùn wọn dé gbogbo ilẹ̀. Wọ́n kéde pé ìpàdé náà ni ó ní àṣẹ, wọ́n sì yan Nicéphore Soglo láti ṣe olórí ìjọba. Òfin ìpìlẹ̀ ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 sọ nínú abala 37 pé ohun ìní ìlú jẹ́ mímọ́, pé kí gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè bọ̀wọ̀ fún un kí wọ́n sì dáàbò bò ó. Abala 52 ní kí ààrẹ àti àwọn mínísítà kọ ohun ìní wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wọlé àti nígbà tí wọ́n bá ń jáde.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1991, Soglo gba nǹkan bí ìdá 67.7 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, Kérékou sì kúrò lórí àga. Ó bẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, a sì ṣe é ní òfin pé a kò ní pè é lẹ́jọ́ nítorí ohun tí ó ṣe nígbà ìjọba rẹ̀. Níhìn-ín ní àríwá, ìbò kò lọ bẹ́ẹ̀. Borgou àti Atacora dìbò fún Kérékou lọ́pọ̀lọpọ̀, nítorí ọmọ àríwá ni. Àwọn tí kò gba owó oṣù ní Parakou kò yàtọ̀ sí àwọn tí kò gbà á ní Àjàṣẹ́, ebi tí ó pa wọ́n kan náà ni, ṣùgbọ́n ìbò wọn yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ àti ìdí ọmọ ẹni nìyẹn.

Nígbà tí ó di oṣù Kẹta ọdún 1996, gbogbo orílẹ̀-èdè gbé Kérékou padà, pẹ̀lú ìdá 52.5 nínú ọgọ́rùn-ún. A ti dín iye owó sẹ́fà kù sí ìdajì ní oṣù Kìíní ọdún 1994, ọjà ti gbówó lórí, ìṣàkóso Soglo sì ti le mọ́ àwọn ènìyàn. Ìdáríjì tí a fún Kérékou kì í ṣe ohun ìtìjú. Ó gba orílẹ̀-èdè wa lọ́wọ́ ogun tí àwọn mìíràn jà. Ohun tí a ń kíyèsí ni pé ìdáríjì ti yára ju ìwé owó lọ. A dárí jì, ṣùgbọ́n gbèsè àwọn ilé ìfowópamọ́ náà wà lọ́rùn ìjọba, ìyẹn ni pé àwa ará ìlú ni a gbé e. Ẹni tí ó jẹ kọ́ ni ó san.

Ohun tí ìbò lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe

Bí a bá to àwọn ìtàn wọ̀nyí jọ, ohun kan hàn sí wa. Ìbéèrè méjì ni ó máa ń wà nílẹ̀ nígbà tí olóṣèlú bá ṣi owó ìlú ná. Èkínní ni: owó dà? Èkejì ni: ta ni yóò ṣojú wa? Ìbò lè dáhùn èkejì. Kò lè dáhùn èkínní, nítorí ẹni tí ó ní ìbò ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún jẹ gbèsè tí ó jẹ kí ó tó ní ìbò kan. Níbi tí a bá ti jẹ́ kí ìdáhùn èkejì gbé èkínní mì, owó kì í padà.

Nítorí náà, ìdáhùn tiwa nìyí. Kò yẹ kí olùdìbò ti olóṣèlú tí ó ṣi owó ìlú ná lẹ́yìn, àfi bí ó bá ti ṣe àlàyé owó náà ní gbangba, tí ó sì ti dá èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ padà. Iṣẹ́ rere tí ó ti ṣe kò pa ojúṣe yìí rẹ́. Ìlú tí ó ti wá kò pa á rẹ́. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ọmọ wa, àwa ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi í léèrè, nítorí owó wa ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn wa sì ni yóò gbọ́ ju ti ọ̀tá lọ.

Ẹnìkan lè sọ pé bí a bá ń ṣe báyìí, àwọn alágbára yóò máa fi ẹ̀sùn owó pa ẹnikẹ́ni tí ó bá tako wọn. Ìbẹ̀rù yìí tọ̀nà. Ìtàn Ìbàdàn ní ọdún 1956 àti ti ọdún 1962 ti fi í hàn. Ṣùgbọ́n oògùn rẹ̀ kì í ṣe pé kí a di ojú. Oògùn rẹ̀ ni kí ìwé owó wà ní ṣíṣí ní gbogbo ọdún, kí ó má ṣe dúró de ọdún tí ọ̀tá bá fẹ́ lò ó. Nígbà tí ìwé ìròyìn kan ní London tú àṣírí owó ìnáwó àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Karùn-ún ọdún 2009, ẹ̀gbin náà kan ẹgbẹ́ òṣèlú gbogbo: ẹnìkan béèrè owó láti fi tún kòtò omi yí ilé rẹ̀ ká ṣe, ẹlòmíràn béèrè owó ilé fún pẹ́pẹ́yẹ. Àwọn aṣòfin dá owó tí ó lé ní mílíọ̀nù 1 pọ́n-ùn padà, àwọn kan lọ sí ẹ̀wọ̀n, a sì gba ìṣirò náà kúrò lọ́wọ́ àwọn aṣòfin fúnra wọn, a gbé e fún àjọ olómìnira. Kì í ṣe gbogbo àwọn tí orúkọ wọn jáde ni ó pàdánù àga. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lè ka ohun tí aṣòfin rẹ̀ ná, láìdúró de ọ̀tá aṣòfin náà.

Àwa náà ní ohun èlò. Òfin ìpìlẹ̀ wa wà, àtúnṣe tí a ṣe sí i ní ọdún 2019 sì dá ilé ẹjọ́ ìṣirò owó sílẹ̀. Ohun tí ó kù ni àṣà béèrè. Nígbà tí olùdíje bá wá sí àdúgbò wa pẹ̀lú ìlù àti aṣọ, ẹ jẹ́ kí a bi í ní ìbéèrè tí ìyá ọlọ́jà ń bi olórí èésú: èló ni a fi lé ọ lọ́wọ́, kí ni o fi ṣe, ibo ni ìwé rẹ̀ wà? Bí ó bá jẹ́ olóòótọ́, ìbéèrè náà kò ní dùn ún. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ jẹ́ kí a rántí ọdún ẹ̀kọ́ tí ó di òfo, kí a sì fi ìbò wa pamọ́ fún ẹni tí ó lè dáhùn.